Ìdérí Àpótí Eyín

Nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí èérún igi ti bo ohun gbogbo títí kan kàlẹ́ńdà ara ògiri, Ìyá Onígi jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń pọ́n irin. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fi igi sẹ́nu ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ máa yí i bìrìpé, kí òun sì máa fi irin mímú gbẹ́ ẹ di abọ́, ẹsẹ̀ àga tàbí ohun tó bá wù yín. (Àwọn kan máa ń gbọ́ orúkọ rẹ̀, wọ́n á wá ra igi ìdáná. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa ṣàlàyé.) Ẹni tó já wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ yìí kò wá ra igi ìdáná. Mo-Kà-Á ni, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ téèyàn máa sọ tí kò ní dáhùn pé òun ti kà á níbì kan.

MO-KÀ-Á: Ìyá Onígi! Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ dìde! Ẹ jókòó! Ẹ tan ẹ̀rọ!

ÌYÁ ONÍGI: Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe níbẹ̀?

MO-KÀ-Á: Gbogbo ẹ̀. Aago kan ti kọjá. Ìyá ìyàwó mi ń sùn lọ́wọ́, aago mẹ́rin ni wọ́n sì máa jí. Wọn kì í yẹ̀ ẹ́.

ÌYÁ ONÍGI: Ṣé kí n wá bá yín jí wọn ni?

MO-KÀ-Á: Ká má rí i! Ẹ wo èyí.

(Ó tú ọ̀rá dúdú kan. Àpótí onígi kékeré kan yí jáde, róbótó, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìdérí rẹ̀ tẹ̀ lé e jáde, ní ègé mẹ́fà.)

ÌYÁ ONÍGI: Ta ló fi òòlù gbá a?

MO-KÀ-Á: Kì í ṣe òòlù.

ÌYÁ ONÍGI: Mọ́tò ló gorí ẹ̀?

MO-KÀ-Á: Èmi ni.

ÌYÁ ONÍGI: Ẹ gorí ẹ̀?

MO-KÀ-Á: Mo jókòó lé e. Mò ń ka ìwé kan lórí bó ṣe yẹ kéèyàn máa jókòó kí ẹ̀yìn má baà máa dùn ún. Wọ́n ní kéèyàn nà gbọọrọ, kó máa wo iwájú, kó wá jókòó lẹ́ẹ̀kan náà. Mo nà gbọọrọ. Mo wo iwájú.

ÌYÁ ONÍGI: Ẹ̀yìn wá ńkọ́? Ṣé ó ń dùn yín?

MO-KÀ-Á: Ó ń dùn mí, àmọ́ kì í ṣe ibi tí ìwé sọ.

ÌYÁ ONÍGI: Kí ni wọ́n ń kó sínú àpótí yìí?

MO-KÀ-Á: Eyín.

ÌYÁ ONÍGI: Eyín ta ni?

MO-KÀ-Á: Tiwọn ni. Eyín àtọwọ́dá. Tí wọ́n bá fẹ́ sùn, wọ́n á bọ́ ọ, wọ́n á kó o sínú ẹ̀, wọ́n á dé e pa. Lónìí ni wọ́n lọ gbàgbé ẹ̀ sórí àga ní pálọ̀.

ÌYÁ ONÍGI: Eyín ọ̀hún dà báyìí?

MO-KÀ-Á: Ó wà nínú ife.

ÌYÁ ONÍGI: Ife ta ni?

MO-KÀ-Á: Ife tèmi ló wà nítòsí.

(Ìyá Onígi wò ó. Ó tún wo àpótí.)

ÌYÁ ONÍGI: Tí wọ́n bá jí, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n. Ìdérí lásán ni.

MO-KÀ-Á: Ìdérí lásán kẹ̀? Ọkọ wọn tó ti kú ló fọwọ́ ara ẹ̀ gbẹ́ ẹ fún wọn. Ẹ fara balẹ̀, kí n ṣàlàyé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ní àwọn fẹ́ lò lọ́dọ̀ wa. Oṣù kẹjọ rèé. Àná, Ìyá Onígi, àná gan-an, wọ́n di ẹrù. Wọ́n ní àwọn ń lọ lọ́la, mọ́tò aago méje. Mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, mo jó.

ÌYÁ ONÍGI: Ẹ jó?

MO-KÀ-Á: Díẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá rí ìdérí yìí bó ṣe wà yìí, wọ́n á sunkún, wọ́n á tú ẹrù, wọ́n á ní àwọn ò ní í fi ilé wa sílẹ̀ títí tí ara àwọn á fi balẹ̀. Mo mọ̀ wọ́n. Nígbà tí mo fọ́ awo wọn, oṣù méjì ni wọ́n fi kún un.

ÌYÁ ONÍGI: Awo kan?

MO-KÀ-Á: Awo kan ṣoṣo! Tí awo bá jẹ́ oṣù méjì, kí ni ìdérí tí ọkọ wọn gbẹ́ máa jẹ́? Wọ́n á bá wa sin àwọn ọmọ wa sílé ọkọ. Ẹ gbà.

(Ó fa igi pẹlẹbẹ kan yọ lápò. Ó fẹ̀ ju ẹnu àpótí lọ díẹ̀, kò sì nípọn ju ìka kan lọ.)

MO-KÀ-Á: Igi kan náà ni. Èyí ló ṣẹ́ kù nígbà tí bàbá gbẹ́ àpótí yẹn tán. Wọn ò jù ú nù, òun ni wọ́n fi ń há ilẹ̀kùn yàrá wọn kó má baà máa gbá. Kò sí òmíràn láyé yìí.

ÌYÁ ONÍGI: Kí ló wá ń há ilẹ̀kùn báyìí?

MO-KÀ-Á: Ìwé mi yẹn. Èyí tó sọ nípa ìjókòó.

ÌYÁ ONÍGI: Ó ti ríṣẹ́ ṣe nìyẹn.

(Ó gba igi, ó gbé e wò sójú ìmọ́lẹ̀, ó fi ìka gbá a, ó fi etí sí i.)

ÌYÁ ONÍGI: Gbígbẹ́ ẹ ò le. Dídì í mú ni iṣẹ́. Igi kékeré, igi ẹyọ kan, ó sì fẹ́lẹ́.

MO-KÀ-Á: Kí ló wà ńbẹ̀? Ẹ kan ìṣó mọ́ ọn.

ÌYÁ ONÍGI: Ihò ìṣó á kù nínú ìdérí. Eyín ò nílò fèrèsé.

MO-KÀ-Á: Sùkúrúù ńkọ́?

ÌYÁ ONÍGI: Ihò náà ni. Ihò tó lọ sílé ìwé.

MO-KÀ-Á: Irin ẹnu ẹ̀rọ yìí wá ń ṣe kí ni? Mo rí ẹnu mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kó gé e jẹ!

ÌYÁ ONÍGI: Tó bá gé e jẹ dáadáa, ìdajì igi ti lọ sí ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀, ohun tó máa kù síta ò ní tó ìdérí. Tó bá sì jẹ́ ẹnu lásán ló fi kàn án, á fò.

MO-KÀ-Á: Kò lè fò. Mo kà á. Nǹkan tó bá ń yí, àárín ló máa ń wá.

ÌYÁ ONÍGI: Ṣé igi náà ti kà á?

MO-KÀ-Á: Ẹ gbé òmíràn sí i, kẹ́ ẹ rí i. Ẹ ò ní ìgbàgbọ́ nínú ìmọ̀.

(Ìyá Onígi mú pátákó kan nílẹ̀ tó jọ ti Mo-Kà-Á ní gígùn àti fífẹ̀. Ó jẹ́ kí irin fi ẹnu kàn án.)

ÌYÁ ONÍGI: Ẹ yẹra níwájú ẹ̀.

MO-KÀ-Á: Iwájú ni wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́.

ÌYÁ ONÍGI: Ọ̀gbẹ́ni, ẹ yẹra.

MO-KÀ-Á: Mo dúró lórí ohun tí mo kà.

(Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ìyá Onígi fi irin kan igi náà pẹ́rẹ́. Fíìì! Igi ti kúrò níbẹ̀. Fìlà Mo-Kà-Á náà ti kúrò níbẹ̀. Àwọn méjèèjì gba ojú fèrèsé jáde pa pọ̀. Mo-Kà-Á alára ò sí lórí ìdúró mọ́, abẹ́ tábìlì la ti ń gbúròó rẹ̀.)

ÌYÁ ONÍGI: Ó ti lọ kà á.

MO-KÀ-Á: Mi ò sá o. Mò ń wo ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ ni.

ÌYÁ ONÍGI: Ẹ̀rọ kọ́ nìyẹn. Tábìlì ni.

MO-KÀ-Á: Ṣé orí mi ṣì wà?

ÌYÁ ONÍGI: Ó wà. Fìlà nìkan ló rìnrìn àjò.

(Ó pa ẹ̀rọ. Ó gbé kùkùté igi kan tí ìkán ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó há a sẹ́nu irin, ó sì fún un le títí irin fi dún kẹ́kẹ́.)

ÌYÁ ONÍGI: Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Igi ńlá ni irin yìí lè gé jẹ kó má jáwọ́. Màá fi èyí tí ò wúlò yìí sí i lẹ́nu, màá fá ojú ẹ̀ kó tẹ́, màá wá fi gọ́ọ̀mù lẹ igi tiyín mọ́ ọn lójú. Ẹ̀rọ á máa di kùkùté mú, kùkùté á máa di tiyín mú.

MO-KÀ-Á: Ó dáa. Tó bá ti wá lẹ̀ bẹ́ẹ̀, báwo ló ṣe máa kúrò?

ÌYÁ ONÍGI: Bébà.

MO-KÀ-Á: Bébà wo?

ÌYÁ ONÍGI: A ó fi bébà sáàárín wọn. Gọ́ọ̀mù á di bébà mú níhìn-ín, á tún dì í mú lọ́hùn-ún, kò ní í yẹ̀ nígbà tó bá ń yí. Tíṣẹ́ bá parí, màá fi irin pẹlẹbẹ kàn án láàárín, pẹ́ẹ́, bébà á ya sí méjì, kálukú á gba ilé ẹ̀ lọ.

(Mo-Kà-Á yọ orí lábẹ́ tábìlì. Ojú rẹ̀ ti yí padà.)

MO-KÀ-Á: Kálukú á gba ilé ẹ̀ lọ. Ìyá Onígi, ṣé bébà yẹn máa ń ṣiṣẹ́ láàárín ìyá àti ọmọ?

ÌYÁ ONÍGI: Igi nìkan ni mò ń bá ṣe.

(Ó gbé gọ́ọ̀mù kaná títí ó fi ń hó. Ó fa ìwé ìròyìn àtijọ́ kan jáde, ó fẹ́ ya á.)

MO-KÀ-Á: Ẹ dúró! Ìwé ìròyìn? Èyí tó ń ya tí wọ́n bá fi di ẹ̀pà? Ẹ jẹ́ ká fi bébà gidi ṣe é. (Ó fa bébà kan yọ láti àpò inú, ó sì kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà.) Ẹ fọwọ́ kàn án. Ó nípọn.

ÌYÁ ONÍGI: Nǹkan wà lára ẹ̀. Lẹ́tà ni?

MO-KÀ-Á: Mi ò sọ pé lẹ́tà ni. Bébà ni mo pè é. Mo fi kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi.

ÌYÁ ONÍGI: Lẹ́tà ni.

MO-KÀ-Á: Mo kọ ọ́ kó wá mú ìyá ẹ̀. Ọjọ́ kejì tí mo kọ ọ́ ni wọ́n di ẹrù fúnra wọn, mi ò wá nílò ẹ̀ mọ́. Àmọ́ ìyàwó mi máa ń yẹ àpò mi wò. Tí mo bá ya á, á tò ó pọ̀. Tí mo bá sun ún, á gbóòórùn ẹ̀. Láti àná ni mo ti ń gbé e kiri bí ẹní gbé bọ́ǹbù. Ẹ wá wo bí ọlọ́gbọ́n ṣe ń ṣe: ta ló máa lọ wá lẹ́tà láàárín igi méjì?

ÌYÁ ONÍGI: Ṣé bírò lẹ fi kọ ọ́?

MO-KÀ-Á: Bírò kẹ̀? Íǹkì gidi ni, pẹ̀lú gègé. Mo kà á pé bírò ò fi ọ̀wọ̀ hàn.

ÌYÁ ONÍGI: Gọ́ọ̀mù mi gbóná o, omi sì wà nínú ẹ̀. Ìwé ìròyìn ni mo máa ń...

MO-KÀ-Á: Mo mọ̀. Ẹ kọ ojú tí mo kọ nǹkan sí sára igi tèmi. Kí ojú tí ò ní nǹkan wà lápá kùkùté.

ÌYÁ ONÍGI: Kí ló dé?

MO-KÀ-Á: Kẹ́ ẹ má baà kà á.

ÌYÁ ONÍGI: Mi kì í ka lẹ́tà onílẹ́tà.

MO-KÀ-Á: Gbogbo ẹni tó ń ka lẹ́tà onílẹ́tà ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

ÌYÁ ONÍGI: Igi tiyín ló máa di ìdérí o, kì í ṣe kùkùté.

MO-KÀ-Á: Mo mọ̀! Ṣé kí n wá sọ ọ́ fún yín lédè míì ni? Ojú ìwé sára igi tèmi!

ÌYÁ ONÍGI: Ẹ̀yin lẹ ni igi.

(Ó fi gọ́ọ̀mù kun igi, ó tẹ́ lẹ́tà lé e bí wọ́n ṣe ní kó tẹ́ ẹ, ó tún fi gọ́ọ̀mù kun ẹ̀yìn rẹ̀, ó lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ kùkùté, ó sì fi irin fún un pọ̀.)

MO-KÀ-Á: Ó yá, ẹ tan ẹ̀rọ.

ÌYÁ ONÍGI: Wákàtí kan àtààbọ̀.

MO-KÀ-Á: Kí ni wákàtí kan àtààbọ̀?

ÌYÁ ONÍGI: Kó gbẹ.

MO-KÀ-Á: Ẹ sọ fún un pé wọ́n ń jí láago mẹ́rin!

(Àsìkò ń lọ. Mo-Kà-Á fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i. Ìyá Onígi ní kó jókòó. Ó fẹ́ fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti gbẹ, Ìyá Onígi gbá a lọ́wọ́, ọwọ́ náà sì bọ́ sínú agolo gọ́ọ̀mù. Ó kígbe. Ó fi ìwé ìròyìn nù ún. Ìwé ìròyìn lẹ̀ mọ́ ọn, kò ṣí mọ́. Gbogbo àsìkò tó kù ló fi ń ka ọwọ́ ara rẹ̀.)

MO-KÀ-Á: Ẹ gbọ́, wọ́n ní òjò máa rọ̀ lọ́la.

ÌYÁ ONÍGI: Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni lọ́la yẹn. Ẹ dìde, ó ti gbẹ.

(Ó tan ẹ̀rọ. Mo-Kà-Á padà sábẹ́ tábìlì láìsí ẹni tó rán an. Ìyá Onígi di irin mú jẹ́ẹ́jẹ́, ó fi ń họ igi díẹ̀díẹ̀, èérún ń jáde tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun.)

MO-KÀ-Á: Ṣé ó ti fò?

ÌYÁ ONÍGI: Rárá.

MO-KÀ-Á: Ṣé ó ti fò báyìí?

ÌYÁ ONÍGI: Rárá.

MO-KÀ-Á: Báyìí ńkọ́?

ÌYÁ ONÍGI: Ẹ̀yin lẹ máa fò báyìí.

(Ó yí etí rẹ̀ ká. Ó fi irin tínrín wọ ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tó ti pàdé kùkùté, ó gé ìpele kékeré yí i po: ibi tó máa wọnú àpótí nìyẹn. Ó wọn ẹnu àpótí, ó wọn ìpele, ó tún họ ọ́ bí ìmí kan ṣoṣo, ó wọ̀n ọ́n. Ó pa ẹ̀rọ. Ó gbé irin pẹlẹbẹ sí ojú ìlà bébà, ó sì fi òòlù onígi kàn án. Pẹ́ẹ́! Ìdérí bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó gbé e lé àpótí, ó dún kọ́, ó dé mọ́ ọn.)

MO-KÀ-Á: Ó dé! Ìyá Onígi, ó dé! Ẹ ò ní í ríbi! Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú! Lọ́la, aago méje! Aago méje o!

(Ó jó. Ijó yìí ju díẹ̀ lọ.)

ÌYÁ ONÍGI: Ẹ rọra ná. Àbọ̀ bébà yín ṣì lẹ̀ mọ́ ọn nínú.

(Ó yọ ìdérí, ó fi aṣọ inú omi gbígbóná rẹ inú rẹ̀, ó fi irin họ bébà kúrò. Bébà lọ. Ìyá Onígi dúró. Ó gbé ìdérí súnmọ́ ojú.)

ÌYÁ ONÍGI: Ọ̀gbẹ́ni.

MO-KÀ-Á: Mò ń jó.

ÌYÁ ONÍGI: Lẹ́tà yín ti lọ, ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ kọ ò bá a lọ.

(Mo-Kà-Á já ìdérí gbà. Igi funfun nini, íǹkì dúdú ti wọ inú rẹ̀, ìlà mẹ́rin rẹ́gírẹ́gí. Ó gbé e súnmọ́ ojú. Ó gbé e jìnnà. Ó da orí rẹ̀ kodò.)

MO-KÀ-Á: Mi ò lè kà á.

(Kò sẹ́ni tó tíì gbọ́ gbólóhùn yìí lẹ́nu rẹ̀ rí. Òun alára wo ẹ̀yìn bóyá ẹlòmíì ló sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í ràn lójú rẹ̀.)

MO-KÀ-Á: Mi ò lè kà á! Ó ti yí padà! Òdì ló gbà! Ìyá Onígi, tí èmi ò bá lè kà á, ta ló lè kà á?

(Ìyá Onígi gba ìdérí, ó rìn lọ síbi àfọ́kù dígí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, èyí tó fi ń yọ èérún igi lójú. Ó kọ inú ìdérí sí i.)

ÌYÁ ONÍGI: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá mú ìyá yín. Wọn ò ní eyín kan lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹran inú ìkòkò wa ò tíì sinmi láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn.”

MO-KÀ-Á: Ẹ ní ẹ kì í ka lẹ́tà onílẹ́tà!

ÌYÁ ONÍGI: Ìdérí ni mo kà.

MO-KÀ-Á: Ẹ fá a kúrò!

ÌYÁ ONÍGI: Kò sí nǹkan tó kù láti fá. Ó ti wọlé, ó ti jókòó. Tí mo bá lé e, ìdérí á lu.

MO-KÀ-Á: Ẹ fi ọ̀dà kùn ún!

ÌYÁ ONÍGI: Ọ̀la ló máa gbẹ.

(Fóònù Mo-Kà-Á ń dún. Ó fi ọwọ́ tí ìwé ìròyìn lẹ̀ mọ́ gbé e sétí.)

MO-KÀ-Á: Ìyàwó mi... Wọ́n ti jí? Kò tíì tó aago mẹ́rin! Ilẹ̀kùn gbá? Ìwé ọ̀hún ò dì í mú?... Àpótí ń bẹ lọ́wọ́ mi, mo ní kí n bá wọn fọ̀ ọ́ mọ́ fún ìrìn àjò ni... Eyín wà nínú... Rárá! Má bu tíì sínú ife yẹn! Mò ń bọ̀!

(Ó ju fóònù sápò. Ó dé ìdérí mọ́ àpótí, ó fi aṣọ nù ún, ó fi sínú ọ̀rá, ó sì ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ bó ṣe ń lọ sẹ́nu ọ̀nà.)

MO-KÀ-Á: Kò séwu. Òdì ni. Wọ́n á ṣí i, wọ́n á rí nǹkan dúdúdúdú, wọ́n á rò pé ara igi ni. Ta ló ń gbé dígí lọ bá àpótí? Kò sẹ́ni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Aago méje, wọ́n ti wọkọ̀.

ÌYÁ ONÍGI: Aago mélòó ni wọ́n ń wọ eyín láàárọ̀?

MO-KÀ-Á: Aago mẹ́fà. Wọn kì í yẹ̀ ẹ́.

ÌYÁ ONÍGI: Níbo?

MO-KÀ-Á: Nínú yàrá wọn ni. Wọ́n á gbé àpótí dání, wọ́n á ṣí i, wọ́n á wá dúró síwájú...

(Ó yí padà wo àfọ́kù dígí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ìyá Onígi ti padà sídìí irin rẹ̀, ó ń pọ́n ọn.)

ÌYÁ ONÍGI: Ẹ kí wọn fún mi o. Tí ilẹ̀ ọ̀la bá fi mọ́, Mo-Kà-Á ti di méjì nílé yín.